Àpò Itọ́ Tí Wọ́n Gbé Wá sí Abẹ́ Àgbọ̀n Mi

Etí mi òsì ló kọ́kọ́ di, ọkọ mi ni mo sì kọ́kọ́ bá jà nítorí ẹ̀.

Ó jókòó sí pálọ̀ wa ní Iyaro, nílùú Bìní, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé fóònù sétí, ó ń sọ̀rọ̀. Mo jókòó sápá ọ̀tún ẹ̀, mi ò sì gbọ́ ju ìró tó ń lọ wùú-wùú. Mo ní, "Bàbá Tómi, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀?" Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ni, àti pé ariwo tí òun ń pa yẹn, àwọn aládùúgbò ń gbọ́ ọ. Mi ò gbà. Mo já fóònù gbà, mo gbé e sétí òsì, kẹ́kẹ́ pa. Mo gbé e sí ọ̀tún, mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ketekete tó ń bèèrè bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ. Ojú tì mí díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà mí.

Adérónkẹ́ ni mí. Ìkìrun ni ilé bàbá mi, ṣùgbọ́n Bìní ni mo bí ọmọ mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ta pátì mọ́tò, ní Uselu, láàárín àwọn mẹkáníìkì tí ariwo wọn kì í tán. Òjòwú ni mí. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́ fún yín. Bí ọkọ mi bá yin ọbẹ̀ obìnrin míì, oorun ọjọ́ náà ti bàjẹ́. Bí oníbàárà mi bá ra púlọ́ọ̀gì lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ojú mi á sìn ín dé ẹnu títì. Àìsàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò sọ mí di èèyàn jẹ́jẹ́. Mo ń sọ ọ́ nítorí ẹni tí etí tiẹ̀ náà ń di lọ́wọ́lọ́wọ́, tó ń bá ọkọ ẹ̀ jà.

Mo rò pé ìdọ̀tí etí ni. Mo ra oògùn tí wọ́n ń kán sétí ní kẹ́míìsì, kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tó yá, bí mo bá fun imú láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ tín-ínrín á wà nínú ikun tó jáde. Mo ní ooru ni. Ìgbà tí kókó kan wá yọ sí ọrùn mi lápá òsì, nísàlẹ̀ etí, tí kò dùn mí, tí kò sì lọ, ni ọkọ mi wọ́ mi lọ sí ọsibítù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kókó tí kò dunni ṣeré. Èyí tó ń dunni, èèyàn á tètè wá nǹkan ṣe sí i. Èyí tó dákẹ́ la máa ń gbójú fò.

Dókítà tó ń wo etí, imú àti ọ̀fun ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní kámẹ́rà lẹ́nu bọ imú mi. Kò dunni tó bí ojú ṣe rí i, ṣùgbọ́n omijé bọ́ lójú mi fúnra ẹ̀. Ó ní ẹran kan ti hù sí ẹ̀yìn imú, lókè ọ̀fun, níbi tí ihò kékeré tó ti inú etí wá ń já sí. Ẹran náà ti dí ihò yẹn, ìdí nìyẹn tí etí fi di. Ó gé bíńtín níbẹ̀ pé kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Èsì dé, jẹjẹrẹ ni. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. Ọlọ́run ló mọ ọkàn èèyàn: kì í ṣe ikú ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ohun tí mo ń rò ni pé, ta ni yóò wá jókòó sí ilé mi?

Dókítà ṣàlàyé pé ibi tí jẹjẹrẹ yẹn wà kò rọrùn láti fi ọ̀bẹ dé. Ìtànṣán ni wọn yóò fi bá a jà, ìyẹn agbára kan tí ojú kò rí, tí ẹ̀rọ ń ta sí ibi tí àìsàn wà. Wọn yóò sì fi dírípù gbé oògùn wọ ara mọ́ ọn. Ó ní ọ̀pọ̀ ló ń sàn. Ṣùgbọ́n ìtànṣán kì í dá ọ̀tá mọ̀ yàtọ̀ sí ará ilé. Èèyàn ní àpò itọ́ ńlá mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan níwájú etí, ọ̀kan lábẹ́ párì, ọ̀kan lábẹ́ ahọ́n. Àwọn ló ń ṣe omi tó ń mú ẹnu tutù. Bí ìtànṣán bá jó wọn, ẹnu á gbẹ, eyín á máa kẹ̀, oúnjẹ á sì dà bí iyanrìn, nígbà míì títí ayé.

Ó wá ní oníṣẹ́ abẹ kan wà ní Ìbàdàn tó lè bá mi gbé àpò kan pamọ́ kí ìtànṣán tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló bá mu. Tèmi bá a mu nítorí pé ọrùn mi lápá ọ̀tún kò ní kókó kankan. A lọ sí Ìbàdàn. Oníṣẹ́ abẹ yẹn, ọkùnrin kúkúrú kan tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ní òun yóò tú àpò itọ́ tó wà lábẹ́ párì mi ọ̀tún kúrò níbi tó wà, òun kò ní gé iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún un, òun kò ní gé ọ̀nà tí itọ́ ń gbà dé ẹnu. Òun yóò fà á wá síwájú, sí abẹ́ àgbọ̀n, níbi tí wọ́n ti lè yẹ ìtànṣán sí fún un. Ó ní, "Ìyá Tómi, ẹni tó bá mọ̀ pé àgbàrá ń bọ̀ a máa gbé àpótí aṣọ lọ sí yàrá tó ga." Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi ju gbogbo àwòrán tó fi hàn mí lọ.

Iṣẹ́ abẹ náà dùn mí, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọrùn mi le gbandi, mi ò lè yí orí, ètè mi sì wọ́ díẹ̀ lápá kan kó tó padà bọ̀ sípò. Nígbà tí wíwú ẹ̀ lọ tán, ohun múlọ́múlọ́ kékeré kan kù sí abẹ́ àgbọ̀n mi. Ọkọ mi fọwọ́ kàn án, ó ní, "Ìyá Tómi ti ń sanra o." Mo gbá a lọ́wọ́.

Mo pàṣẹ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa iṣẹ́ abẹ yẹn. Àwa Yorùbá tó wà ní Bìní, gbogbo wa la mọ ara wa. Bí o bá wúkọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, kó tó dìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń dárò ẹ nínú ẹgbẹ́. Mi ò fẹ́ kí obìnrin kankan máa wo ọkọ mi bí ẹni tó fẹ́ di opó. Mo ní bí wọ́n bá bèèrè mi, kí wọ́n ní mo lọ kí ìyá mi.

Ìyá mi kan náà ló rán Bọ́sẹ̀ sí mi. Àbúrò mi ni, ọmú kan náà la jọ mu. Ó ti kúrò nílé ọkọ, kò bímọ, ó sì rẹwà ju bó ṣe yẹ lọ. Ó gbé báàgì ẹ̀ wọlé, ọkọ mi na ọwọ́ méjèèjì sí i: "Ìyàwó mi! O káàbọ̀ o!" Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àṣà wa ni. Àbúrò ìyàwó ẹni, ìyàwó ẹni ni lẹ́nu, ẹ̀fẹ̀ lásán ni. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa ló ti ń pè é bẹ́ẹ̀, témi náà ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rín kò wá. Mo wo abẹ́rẹ́ dírípù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mi, mo wo ìdí Bọ́sẹ̀, mo ní lọ́kàn mi pé ó tán, wọ́n ti gbé arọ́pò mi dé.

Ìtànṣán bẹ̀rẹ̀ ní ọsibítù ńlá ní Bìní. Wọ́n fi rọ́bà tó ní ihò wẹ́wẹ́ ṣe ìbòjú kan ní ìwọ̀n ojú mi gan-an, wọn á dè é mọ́ pákó tí mo sùn lé kí orí mi má baà mì. Ìtànṣán fúnra ẹ̀ kò dunni rárá. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ọ̀ràn dé: egbò sọ sí ọ̀fun, awọ ọrùn di dúdú, ó sì bó, adùn kúrò lẹ́nu pátápátá. Omi tútù ń ta mí bí ata. Ògì lásán ni mo ń mu, kò sì yàtọ̀ sí ẹfun tí wọ́n pò mọ́mi. Mo ń jowú gbogbo èèyàn. Mo jowú ọmọ tó ń jẹ bísíkíìtì nínú kẹ̀kẹ́. Mo jowú mẹkáníìkì tó ń wọ́ gàrí gbígbẹ sẹ́nu níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Tèmi tán láyà, ó tán lápá, ó tán lẹ́rẹ̀kẹ́.

Níbi tí a ti máa ń dúró de ẹ̀rọ, ìyá ará Ẹdó kan máa ń jókòó tì mí. Wọ́n ti tọ́jú tiẹ̀ tán, àyẹ̀wò ló ń wá fún. Kò rí ẹni bá a gbé àpò itọ́ kankan pamọ́. Ìgò omi kò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, gbólóhùn kan, kó mu ún díẹ̀, gbólóhùn kejì, kó tún mu ún. Mo fi abẹ́ àgbọ̀n mi hàn án. Ó wò ó títí. Mo mọ ojú yẹn. Ojú tí mo fi ń wo Bọ́sẹ̀ ni.

Nílé, Bọ́sẹ̀ gba kíṣìnnì. Òórùn ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ẹ̀ á gba pálọ̀ kọjá dé yàrá mi. Tómi ọmọ mi, tó ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kì í fi dáni lóhùn, sọ ọ́ sí mi lójú kòrókòró: "Mummy, Aunty own sweet pass." Ó sọ ọ́, ó sá lọ wo tẹlifíṣọ̀n. Mo yíjú sí ògiri, mo sunkún.

Èyí tó wá ń pa mí ni ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Bí ọbẹ̀ bá ti jinná, Bọ́sẹ̀ á wọlé, ọkọ mi á tẹ̀ lé e, Tómi á tẹ̀ lé wọn, wọn á sì pa ilẹ̀kùn dé. Nínú ilé mi! Wọn á pẹ́ níbẹ̀. Bí mo bá pe Bàbá Tómi, á yọ jáde ní kíákíá, á máa nu ọwọ́ lẹ́yìn ara ẹ̀. Mo ní, "Kí lẹ ń ṣe?" Á ní, "Kò sí o, a kàn ń fọ abọ́." Ọkọ mi tí kò fọ abọ́ rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n! Mo ń kó o jọ sínú.

Ìtànṣán parí, egbò jinná díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ògì ti di ẹ̀kọ, ẹ̀kọ ti di ìrẹsì rírọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kíṣìnnì ṣì ń padé. Dókítà ní kí n lọ ya síkáànù ọrùn kí wọ́n lè mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ti lọ. Ó kọ ìwé sínú àpòòwé, ó sọ ọ̀rọ̀ ìtànṣán níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ti Ìbàdàn. Ẹ̀rọ ọsibítù ńlá ti bàjẹ́, la bá lọ sí ibi aládàáni kan.

Ta ni mo bá lẹ́yìn káńtà? Màmá Ìbùkún, inú ẹgbẹ́ obìnrin Yorùbá wa! Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọ̀rọ̀ sí i létí, ó ti lu agogo. Ó gbé gègé, ó ké sókè láàárín èrò pé, "Ìyá Tómi! Ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún yín lọ́rùn rí?" Mo fa ìborùn mi kí ojú àpá má baà hàn. Kí n tó la ẹnu, Bọ́sẹ̀ ti dáhùn: "Rárá o, mà. Ara wọn le koko, àyẹ̀wò lásán ni." Màmá Ìbùkún kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fojú dúpẹ́ lọ́wọ́ Bọ́sẹ̀.

Nígbà tí èsì jáde, dókítà mi ti rin ìrìn-àjò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sáyè ẹ̀ kò mọ̀ mí rí. Ó ka ìwé náà, ó tún un kà. Ó ní ẹ̀yìn imú mọ́, kókó ọrùn ti lọ, ṣùgbọ́n kókó tuntun kan wà lábẹ́ àgbọ̀n tí kò sí nínú àwòrán àkọ́kọ́ tí wọ́n yà kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ya àwòrán ní kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní àpò itọ́ ni, wọ́n gbé e síbẹ̀ ni. Ó wo ìwé, ó wò mí: "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ kò ṣiṣẹ́ abẹ rí, mà." Ó ní òun kò rí irú ẹ̀ rí, òun kò sì lè fi ojú lásán sọ bóyá àpò nìkan ni, tàbí nǹkan míì ti wà nínú ẹ̀. Ó ní kí n kó àwòrán Ìbàdàn wá, kí dókítà àgbà tó ń ka àwòrán wò ó.

Ibi tí a ṣe é kí ìtànṣán má dé, ṣé kì í ṣe ibẹ̀ gan-an ni jẹjẹrẹ lọ sá pamọ́ sí? Mo ti fọwọ́ ara mi gbé ilé fún un. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí a fi ń dúró, ọwọ́ mi kò kúrò lábẹ́ àgbọ̀n. Mo ń tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ń ro mí, bó sì ṣe ń ro mí ni mo ń sọ pé ó ń dàgbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn kíṣìnnì tún padé. Mo dìde, mo fi ẹsẹ̀ ṣí i gbàgà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dúró yí ìkòkò ká, kò sí àga, kò sí tábìlì. Òkèlè wà lọ́wọ́ ọkọ mi. Tómi ń jẹ ẹran. Mo kígbe mọ́ Bọ́sẹ̀: "O ti gba ọkọ, o ti gba ọmọ, o tún lọ purọ́ fún wọn níbi síkáànù kí n lè tètè kú! Ṣé ilé mi lo fẹ́?"

Bọ́sẹ̀ nu ọwọ́. Omi ti kún ojú ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá mi ni, òun náà ní ẹnu. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ ní ká má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ibi ìkòkò tí ẹ bá wa yìí, ìdúró la ti ń jẹun láti ọjọ́ tí ọ̀fun yín ti bó. Bí a bá jẹ ẹ́ lójú yín, ṣé a ò ní sọ pé ẹ wá jẹun? Ta ló fẹ́ sọ 'ẹ wá jẹun' fún ẹni tí kò lè gbé òkèlè mì? Bọ̀dá ló ní ká máa sá wá síbí."

Mo wo ọkọ mi. Orí ẹ̀ wà nílẹ̀, òkèlè ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ará ọ̀nà pàápàá, bó bá bá Yorùbá nídìí oúnjẹ, a ó pè é. Wọn ò lè pè mí, wọn ò sì lè jẹun kí wọ́n má pè mí, ni wọ́n bá ń sá fún mi bí olè nínú ilé wọn. Bọ́sẹ̀ tún ní, "Ẹ̀yin ẹ tiẹ̀ rí ẹni tó ń sá jẹun nítorí yín." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mi ò mọ̀ pé òun náà ń jowú mi.

Mi ò bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo kàn ní kó sin mí lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Obìnrin àgbà kan ni dókítà tó ń ka àwòrán ní ọsibítù ńlá. Kí ó tó bèèrè, mo ti bọ́ ìborùn, mo ti sọ gbogbo ẹ̀. Ó gbé àwòrán Ìbàdàn tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tuntun. Ó fi hàn mí pé abẹ́ párì mi ọ̀tún, níbi tí àpò itọ́ wà tẹ́lẹ̀, ti ṣófo, àti pé ohun tó wà lábẹ́ àgbọ̀n bá ohun tó kúrò níbẹ̀ mu ní ìrísí. Ó ní ẹni tí a kò sọ fún, kókó ni yóò pè é, kò jẹ̀bi. Ó wá fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo aláboyún lé abẹ́ àgbọ̀n mi, ó wá iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ, ó rí i. Kò rí kókó kankan nínú ẹ̀. Ó ní ó ku kí òun rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ṣé a ní nǹkan kíkan lọ́wọ́?

Bọ́sẹ̀ tú báàgì ẹ̀, ojú ń tì í. Àgbálùmọ̀ ló wà nínú ọ̀rá níbẹ̀! Àṣé látìgbà tí ọyẹ́ ti dé, tí àwọn ará Bìní ti ń kiri "otien", bí wọ́n ṣe ń pè é, káàkiri Uselu, ọmọbìnrin yìí ti ń rà á, ó ń jẹ ẹ́ níta, ó ń nu ẹnu wọlé. Ó fọwọ́ tẹ ọ̀kan, ó gé orí ẹ̀ jẹ láti mọ̀ bóyá ó kan, ó fà á mu, ṣùùù. Oje yọ sí i létè. Inú bí mi! Owú gbé mi láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Àgbálùmọ̀ tí mo fẹ́ràn jù láyé!

Mo gbọ́ tí abẹ́ àgbọ̀n mi fún mọ́ra. Omi sun sí abẹ́ ahọ́n mi, díẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Dókítà ò tíì ní kí n jẹ nǹkan kan. Ó ń wo ojú ẹ̀rọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Madam, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Bọ́sẹ̀ na àgbálùmọ̀ tó ti gé jẹ yẹn sí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá jẹun." A jọ bú sẹ́kún.

Wọn ò gún mi lábẹ́rẹ́. Wọ́n tún ya àwòrán lẹ́yìn ìgbà náà, ohun tó wà níbẹ̀ kò yí padà. Ẹ̀yin tí wọ́n bá ṣe irú ẹ̀ fún, ẹ sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ya àwòrán yín, Màmá Ìbùkún ì báà gbọ́. Ẹ má sì dá ara yín lójú pé gbogbo kókó ni àpò itọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó sọ ọ́. Èmi ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò. Etí mi òsì kò là tán. Omi wà nínú báàgì mi, mi ò sì lè jẹ búrẹ́dì láìsí tíì. Ṣùgbọ́n àpò kan ṣoṣo yìí ń ṣe iṣẹ́ àwọn tó jóná. Bí mo bá jí, mo máa ń fọwọ́ kàn án jẹ́jẹ́, mo máa ń kí i kú iṣẹ́.

Òjòwú ṣì ni mí. Ọkọ mi ṣì ń pe Bọ́sẹ̀ ní ìyàwó, mo ṣì ń wo ẹnu ẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, ọkọ mi gbé ìkòkò ọbẹ̀ jáde látinú kíṣìnnì fúnra ẹ̀, ó gbé e ka orí tábìlì pálọ̀. Ó bu omi fọwọ́, ó bu òkèlè, ó wò mí.

"Ìyá Tómi, wá jẹun."

Mo dá itọ́ mì, mo fa àga mọ́ra.